Ihò Tó Tó Àtàǹpàkò

Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi bá eku odò jà
lórí òkìtì tí wọ́n mọ dí òkun lẹ́bàá Harlingen.
Ìjọba ló ń sanwó mi. Bàtà rọ́bà dé itan,
igba pàkúté lẹ́yìn ọkọ̀ ojú omi pẹrẹsẹ.
Mo mọ ibi tí eku ti ń walẹ̀ kí omi tó mọ̀ ọ́n.
Bí eku bá dá òkìtì lu, oko á di adágún,
màlúù á di ẹja.
Ilẹ̀ kò rì nígbà tèmi. Ẹ bi wọ́n léèrè.

Àmọ́ lóru Ọjọ́rú, nínú àgbàlá ara mi,
èkúté-ilé bu ehoro ọmọ-ọmọ mi jẹ lẹ́sẹ̀.

Gruis lorúkọ ehoro náà.
Àwọ̀ eérú ni, etí kan nà, etí kan wọ́.
Jeltje ló sọ ọ́ lórúkọ, kí ìyá rẹ̀ tó kó o lọ sí Utrecht,
sí ilé alájà mẹ́jọ tí wọn kì í ti í gba ẹran ọ̀sìn.
"Pake," bó ṣe máa ń pe bàbá àgbà rẹ̀ nìyẹn,
"ẹ bá mi ṣọ́ ọ."
Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ má sọ fún mi pé ògiri ló lanu.
Aláǹgbá ló ń dúró de ògiri kó lanu.
Èkúté kì í dúró de ẹnikẹ́ni:
eyín ẹnu rẹ̀ ló fi ń la ẹnu ògiri.

Mo tan iná wo ilé ehoro. Wáyà adìẹ ni mo ta sí i lójú,
èyí tó fẹ́lẹ́ bí òwú, tí ìka méjì ń gba ojú rẹ̀ kọjá.
Wáyà tó ní kí adìẹ má jáde
kò ní kí èkúté má wọlé.
Mo wo abẹ́ rẹ̀: ilẹ̀ lásán.
Mo wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: ọkà àjẹkù látàárọ̀,
àsè tí mo tẹ́ sílẹ̀ fún olè.
Èmi. Èmi tí mo mọ eku.

Dókítà ẹran fọ egbò náà, ó gún un lábẹ́rẹ́.
Ó bi mí pé iṣẹ́ wo ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì.
Mo ní ànàmọ́ ni mo ń gbìn.

Gosse aládùúgbò gbé májèlé wá nínú ike.
Mo ní kó máa gbé e lọ. Òwìwí ń bẹ nínú àká,
ológbò Gosse fúnra rẹ̀ ń jẹ eku,
májèlé ò sì mọ ẹni tí wọ́n tìtorí rẹ̀ rà á.

Yìnyín ń já lọ́jọ́ tí mo tún ilé náà ṣe.
Mo gbé e lé ẹsẹ̀ mẹ́rin, ó ga dé orúnkún mi,
ó jìnnà sí igi ìdáná tí eku ń fi ṣe ààfin.
Mo to búlọ́ọ̀kù sábẹ́ rẹ̀.
Àwọ̀n irin tó le ni mo rà, mo fi àtàǹpàkò wọn ojú rẹ̀,
akọ̀wé ṣọ́ọ̀bù ń wò mí bí ẹni ń wo wèrè.
Oúnjẹ wọ inú páànù ọlọ́mọrí.
Tí oòrùn bá ti ń wọ̀, mo kúnlẹ̀,
mo ń ṣa èépá kárọ́ọ̀tì, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan,
orúnkún mi ń ké.

Jeltje pè lọ́jọ́ Sátidé. "Ṣé ó ń sùn dáadáa?"
Mo ní ó ń sùn.
N kò tíì sọ nípa ẹsẹ̀ fún un. Mo máa sọ.

Lóru àná mo gbọ́ ọ: gbì. Gbì.
Gruis ń fi ẹsẹ̀ lu pákó, ẹsẹ̀ tó ní egbò yẹn náà.
Mo fi súwẹ́tà lé aṣọ oorun, mo gbé tọ́ọ̀ṣì jáde.
Ó wà níbẹ̀, ó dìrọ̀ mọ́ ojú àwọ̀n,
ó ń fi eyín tọ́ irin wò
bí ìyàwó ilé ṣe ń tọ́ ọbẹ̀ wò.
Ó yíjú sí iná. A mọ ara wa.
Kò sáré. Ó rọra sọ̀ kalẹ̀, ó lọ.
Á padà wá; èmi náà á padà jáde.

Mo ti àtàǹpàkò bọ ojú àwọ̀n. Kò wọ̀.
Gruis dákẹ́ ìlù, ó tiro wá,
ó fi imú tútù kan orí ìka mi.