Ojú Ìwé Kẹtàdínláàádọ́ta

Ìsọ̀ mi ní Káńpù ò ju àpótí ìṣáná lọ:
ẹ̀rọ fótókọ́pì kan, ọ̀bẹ ìgéwèé kan,
gọ́ọ̀mù nínú agolo mílíìkì.
Èmi Mosúnmọ́lá, adìwé,
mo fi ilé ìwé sílẹ̀ ní fọ́ọ̀mù tírì,
ṣùgbọ́n bí oṣù Ọ̀wàrà bá ti dé,
yunifásítì á dìde, á wá bá mi nínú ìsọ̀.

Wọ́n á gbé e dé nínú ọ̀rá, nínú fúláàṣì,
ojú wọn á ti wọnú nítorí àìsùn.
"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ̀yìn aláwọ̀ ewé, lẹ́tà aláwọ̀ wúrà. Ọ̀la ni."
Ọ̀la ni nígbà gbogbo.
N kì í tọrọ àyè kí n tó kà á.
Ẹni tó ń di ẹrù ló ń mọ ibi tó ti wúwo.

Ṣówándé sin ìgbín.
Ọgọ́ta ìgbín nínú àpótí mẹ́fà lẹ́yìn ilé wọn l'Ọ́báńtokò,
àwọn kan ń jẹ ewé ìbẹ́pẹ, àwọn kan ń jẹ èèpo ẹ̀gẹ́,
oṣù mẹ́rin ló fi ń tan tọ́ọ̀ṣì wọ̀n wọ́n lóròòru.
Ìgbín kọkànlélọ́gbọ̀n sá lọ.
Ẹ gbọ́ ná: ìgbín. Ó sá lọ.
Ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ láìtijú: "A kò rí i mọ́."
Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, kò sí ìyàtọ̀.
Ewé ni o, èèpo ni o, bákan náà ni wọ́n ṣe sanra.
Ó jókòó sórí àga mi, ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹyin ọ̀pẹ.
Mo ní, "Ọmọ Ṣówándé,
ẹni tó tan iná wọ yàrá, tó rí i pé kò sí ejò níbẹ̀,
ṣé kò rí nǹkan?"

Ọmọ oníṣirò kan gbé ojú ìwé mọ́kànlélógún wá.
N ò mọ ẹyọ kan níbẹ̀,
àmọ́ mo mọ̀ pé ó rẹwà,
bí ilà ojú ẹni tí n ò mọ ìdílé rẹ̀.
Kúnmi kọ eré ìtàgé nípa ibùdó rélùwéè ní Lafẹ́nwá;
bẹ́ǹṣì tí wọ́n gbàgbé síbẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.
Mo rẹ́rìn-ín títí gọ́ọ̀mù fi gbẹ mọ́ mi lọ́wọ́.

Ti Ìbídùn ni n ò rí gbé kúrò lọ́kàn.
Omi ló lọ bù, ìgò méjìlélógún,
láti ibi tí omi aró ti ń ṣàn jáde lẹ́yìn Ìtòkú
títí dé ibi tó ti já sí odò Ògùn.
Ó ṣírò rẹ̀. Ó tún un ṣírò.
Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò fi ìlà kan kún un,
nítorí ìkòkò aró tí omi rẹ̀ burú jù níbẹ̀,
ti ìyá ìyá rẹ̀ ni.
Aró yẹn ló san owó ilé ìwé.
Aró yẹn ló ra ìgò.

Ojú ìwé kẹtàdínláàádọ́ta ni mo ti pàdé rẹ̀:
"Mo ka iye náà fún ìyá mi àgbà lédè tó yé e.
Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, tó ti dúdú láti ìgbà ọmọge.
Ó ní, Kọ ọ́ bó ṣe rí.
Bí o bá pa á mọ́, ọwọ́ mi á sọ ọ́."

Mo pa jẹnẹrétọ̀.
Mo jókòó sínú òkùnkùn, ìwé náà lórí itan mi.
Wọ́n á fún un ní máàkì, n ò mọ iye.
Wọ́n á gbé e sórí pẹpẹ, eruku ni yóò máa kà á.
Àmọ́ mo fi okùn méjì rán ẹ̀yìn rẹ̀,
n ò sì gba owó okùn kejì.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo ra ìwé àkọsílẹ̀ kékeré kan.
Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń po gọ́ọ̀mù,
n kò bi í léèrè nǹkan kan rí.
Mo kọ déètì sí i.
Agolo kìíní, ọjọ́ oòrùn: ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún kó tó gbẹ.
Agolo kejì, ọjọ́ òjò:
n ò tíì mọ̀.
Mò ń wo ojú sánmà.