Amọ̀ Èṣí

Ọyẹ́ ti dé Ìsàn.
Ètè mi là bí ìkòkò tí iná mú jù.
Dàpọ̀ tẹ̀ mí láago láti Àkúrẹ́:
"Màmá, à ń bọ̀ lọ́jọ́ kẹtàlélógún.
Ẹ má ṣe wàhálà kankan."
Mo ní mo ti gbọ́.

Ẹ̀yìnkùlé ni mo gbà lọ,
ibi tí mi ò dé láti oṣù Èrèlé.
Àpò sìmẹ́ńtì ló bo amọ̀ náà,
òkúta lórí rẹ̀, kí ewúrẹ́ má baà tú u.
Òun ló gbé òkúta síbẹ̀.
Òun ló wà á létí odò,
ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin,
tó ń pariwo kó tó sọ ọ́ kalẹ̀:
"Àwẹ̀ró, uṣẹ́ ti dé o!"
Ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà, a sin ín.

Mo ṣí àpò.
Amọ̀ ti le koko,
àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sì wà lára rẹ̀,
ìka mẹ́rin àtààbọ̀,
àdá ló gé ààbọ̀ yòókù lọ́dún tí a bí Dàpọ̀.
Ó ti fọwọ́ gbá a, bó ṣe máa ń ṣe,
bí ẹni ń gbá ọmọ tó yó lẹ́yìn.
Mo da àpò bò ó padà.

Lọ́jọ́ Àìkú, ajíhìnrere wàásù,
ó ní amọ̀ kì í bi ẹni tó ń mọ ọ́ léèrè ọ̀rọ̀.
Gbogbo ìjọ ṣe àmín.
Èmi ò ṣe.
Ogójì ọdún ni mo ti ń mọ ìkòkò,
kò sí amọ̀ tí kì í bi mí ní nǹkan.
Òmíràn á bi mí nínú oòrùn, á sán.
Òmíràn á dákẹ́ títí dé inú iná,
ibẹ̀ ni yóò ti fọ́ yángá.
Mi ò bínú sí i rí.
Mo máa ń ṣà á, mo máa ń lọ̀ ọ́,
mo máa ń pò ó mọ́ tuntun.
Nítorí náà, Olúwa,
láàárín orin kan sí èkejì, mo bi Ọ́.
O ò dáhùn.
O ò sì ní kí n dákẹ́.

Wọ́n dé. Dàpọ̀ di ọmọrí odó mú láàárọ̀ ọdún.
Kókó inú iyán rẹ̀ ń wò wá bí ojú ẹja.
A ń jẹ ẹ́, ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀.
Bàbá rẹ̀ kì í fi kókó sílẹ̀.
Èmi ni mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín,
ẹ̀rín náà ran gbogbo ilé
títí omi fi ń jáde lójú wa.

Lọ́sàn-án ni Ìníolúwa, ọmọ ọdún méje, sáré wọlé:
"Màmá àgbà, ọwọ́ ẹnìkan wà lára amọ̀ yín!"
Ó ti ti òkúta kúrò,
ó ti ki ọwọ́ tirẹ̀ bọ inú ọwọ́ yẹn.
Mo ní, "Bàbá àgbà rẹ ni."
Ó ní, "Kí ni wọ́n ní kẹ́ ẹ fi ṣe?"

Mo ní kó lọ bu omi wá.
Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbé korobá sókè tí mo sọ ọ́ kalẹ̀.
Lẹ́ẹ̀kẹta, mo dà á.
Omi kọ́kọ́ kún inú àtẹ́lẹwọ́ náà,
ó dúró síbẹ̀, ojú ọ̀run funfun hàn nínú rẹ̀,
lẹ́yìn náà àtàǹpàkò lọ,
àwọn ìka lọ,
èyí tó kúrú ló lọ kẹ́yìn.

Ó di ọjọ́ kẹta kó tó rọ̀.
Mo fẹsẹ̀ gún un, ọmọ náà fẹsẹ̀ gún un.
Ọwọ́ mi ti gbàgbé díẹ̀,
ìkòkò àkọ́kọ́ fẹ̀gbẹ́ kan tì bí ọ̀mùtí.
Ìníolúwa mọ màlúù tó wà nílé ẹran lálẹ́ tí wọ́n bí Jésù:
ẹsẹ̀ mẹ́ta, ìwo kan ṣoṣo.
Mo gbé e sẹ́bàá fèrèsé, níbi tí oòrùn ò ti le.
Ó lè sán.

Mo ṣan ọwọ́.
Amọ̀ kù sábẹ́ èékánná mi,
mo gbé e lọ bẹ́ẹ̀ sí ìsìn àṣálẹ́.