Kọ́kọ́rọ́ Kẹta

Ọdún kìíní, yunifásítì ló fún un ní bẹ́ẹ̀dì.
Ọdún kejì, wọ́n ní kí kálukú lọ wá ibi tí yóò forí lé.
Ìbíyẹmí pè wá láti Ìlọrin:
"Bàbá, a ti rí yàrá kan ní Òkè-Odò,
àwa mẹ́ta la ó jọ dá owó rẹ̀."
Àwa mẹ́ta wo?
Òun, Bónà ọmọ Kàyámà, Sàlámátù ọmọ Láfíàgi.
Ìyá rẹ̀ ní ṣé wọ́n gbọ́ èdè ara wọn?
Mo ní bí ebi bá pa ọmọ mẹ́ta nínú yàrá kan,
èdè kan náà ni wọn ó fi pariwo.

Káfíńtà ni mí n'Ígbàjà.
Pákó apá kan wà tí oníbàárà mi pa tì láti ọdún tó kọjá,
òun ni mo fi kan bẹ́ẹ̀dì.
Mo wọn gígùn ọmọ mi, mo wọn ìbú ẹ̀yìn rẹ̀.
N kò wọn ẹnu ọ̀nà.

Bẹ́ẹ̀dì dé Òkè-Odò, ó kọ̀, kò wọlé.
A dà á dúró, a dà á dùbúlẹ̀, a fi igun rẹ̀ síwájú.
Bàbá onílé jókòó, ó ń wò wá, ó ń ka owó fún mi:
owó àgírímẹ́ǹtì, owó ohun tó bá bàjẹ́, owó omi.
Mo lọ yẹ kànga wò.
Okùn rẹ̀ gùn ju omi rẹ̀ lọ.

Mo mú ayùn.
Bónà fi orúnkún tẹ pákó mọ́lẹ̀ fún mi, kò ṣe bí àlejò.
Ẹsẹ̀ bàtà kan gbáko ni mo gé kúrò.
Ìbíyẹmí ní, "Bàbá, ẹsẹ̀ mi á yọ síta o."
Bónà ní, "Ìbú la ó máa fi í sùn."
Ọ̀rọ̀ tán.

Àgádágodo tí ìyá rẹ̀ rà ní kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta.
Mo fún ọmọ mi ní ọ̀kan, mo fún Bónà ní ọ̀kan.
Ẹ̀kẹta wọ àpò mi.
Mo ní, "Bí ẹ bá sọ tiyín nù ńkọ́?"
Àwáwí ni.
Mo kàn fẹ́ kí nǹkan kan máa ró lápò mi
títí n ó fi délé ni.

A ti dé Ìdọ̀fìán, oòrùn ti wọ̀, kí fóònù tó dún.
"Bàbá, kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ o.
Sàlámátù ti dé ni.
Ó ń bi wá pé, kọ́kọ́rọ́ tòun dà?"

Mo ní kí awakọ̀ yí orí ọkọ̀ padà.
Ó ní epo ńkọ́?
Mo kà á sí i lọ́wọ́, n kò dúnàá-dúrà.

Iná ti lọ nígbà tí a débẹ̀.
Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu,
ọmọ náà sì dúró síta,
báàgì kan léjìká, apẹ̀rẹ̀ ẹja gbígbẹ kan lẹ́sẹ̀ rẹ̀.
Kò sí ẹni tó sìn ín wá.
N kò béèrè.
Mo gbé kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́.
Ara mi ti mú un gbóná.
Ó kúnlẹ̀, ó fi èdè ilé rẹ̀ sọ nǹkan kan,
n kò gbọ́ ọ, mo ṣáà ní, "Ẹ̀ẹ́n, ọmọ mi."
Ìgbà náà ló wọlé.

Òru ni mo dé Ìgbàjà, mo ń rùn ẹja.
Ìyá Ìbíyẹmí ní, "Kọ́kọ́rọ́ wa dà?"
Mo ní a ò ní ìkankan níbẹ̀.
Ó wò mí, ó lọ bu omi fún mi.

Àgékù bẹ́ẹ̀dì ṣì wà lẹ́yìn ọkọ̀.
Mo gbé e wọ ṣọ́ọ̀bù, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i:
ó tó àpótí ìjókòó kan.
Ṣùgbọ́n mẹ́ta ni wọ́n, bí wọ́n bá wá kí wa lọ́dún.
Ilẹ̀ á mọ́, n ó wá pákó sí i.