Ojú-Ìwé Kọkànlá

Kí àṣẹ náà tó dé,
ilé-oúnjẹ ọmọ-ogun mẹ́rìnlá ni mo ti yà
nínú ọ́fíìsì wa ní Ọ́máhà,
mẹ́rìnlá, kò sí èyí tó jọ èkejì.
Ọ̀gágun kan ní òpó bíríkì lòun fẹ́,
òmíràn ní kí fèrèsé òun kọjú sí odò,
ẹ̀kẹta ò mọ ohun tó fẹ́,
ó ṣáà fẹ́ kí tòun ga ju ti aládùúgbò lọ.
Àwa ń yà, a ń pa á rẹ́, a ń tún un yà.
Ọdún mẹ́ta á kọjá, owó á gun òkè,
àwọn ọmọ ọlọ́mọ á ṣì máa jẹun nínú àgọ́,
òjò á máa kán sínú ọbẹ̀ wọn.

Ni Delphine Kowalczyk bá wọlé lọ́jọ́ Ajé kan,
ó gbé ìwé àwòrán kan ṣoṣo lé tábìlì:
"Òun nìyí. Ibi gbogbo. Ilẹ̀kùn kan, àtẹ̀gùn kan,
ìwọ̀n pákó kan náà láti etí òkun dé etí òkun.
Ilé-iṣẹ́ kan á gé ògiri, ọkọ̀ á kó o lọ,
ẹ ó sì tò ó bí ẹni ń to abọ́."

Mo bínú. Kí n má purọ́.
Ọwọ́ tó mọ ilà á fà, kí ni yóò kù fún un?
Mo ní ìka ò dọ́gba,
ta ló wá gbé ọ̀bẹ dání láti gé wọn dọ́gba?
Ó ní, "Ìka ò dọ́gba lóòótọ́,
ṣùgbọ́n ìbọ̀wọ́ kan ló gba gbogbo wọn."

Oṣù mẹ́sàn-án, ilé dúró ní Jọ́jíà.
Oṣù mẹ́jọ, òmíràn dúró ní Kánsáàsì.
Owó tún ṣẹ́kù!
Ẹni tó bá ti bá ìjọba ṣiṣẹ́ rí
mọ̀ pé gbólóhùn yẹn kì í sábà jáde lẹ́nu akápò.

Àláskà ni ìwé náà ti kọsẹ̀.
Nastasia Wassillie, káfíńtà,
tí wọ́n bí sétí odò tó ń dì gbagidi fún oṣù méje,
kọ lẹ́tà sí wa, kò gùn:
"Ilẹ̀kùn yín ń ṣí síta.
Yìnyín ga dé àyà mi láàárọ̀ yìí.
Ogójì ọmọ-ogun wà nínú ilé,
wọ́n ń kanlẹ̀kùn láti inú."

A ò rẹ́rìn-ín. Ó di ìrọ̀lẹ́ ká tó rín in.
Delphine na pẹ́ńsù sí mi.
Mo ya yàrá kékeré kan síwájú ilẹ̀kùn,
ìgbésẹ̀ mẹ́ta níbùú, ìkọ́ ẹ̀wù lára ògiri,
kí yìnyín máa kú síbẹ̀ kó tó wọlé.
Ojú-ìwé kọkànlá nìyẹn.

Àti nítorí pé ìwé kan ni gbogbo wa ń lò,
yàrá yìnyín dé Tẹ́sáàsì náà,
níbi tí aláǹgbá ti ń wá ibòji.
Wọ́n bi wá pé kí ni wọ́n ń fi ṣe.
A ò dáhùn.
Wọ́n so ajá kan mọ́ ibẹ̀,
wọ́n sọ ọ́ ní Àláskà.

Mo ṣì máa ń ya fèrèsé tó kọjú sí odò
sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé ìròyìn, nígbà tí mo bá ń mu kọfí.
Kò sí ẹni tó ní kí n yà á.

Ṣùgbọ́n lóṣù tó kọjá, Corliss, ọmọ àbúrò mi,
tí wọ́n gbé láti Jọ́jíà lọ sí àríwá, pè mí.
Ó ní, "Agogo méjì òru ni mo dé,
mi ò mọ ẹnikẹ́ni, òkùnkùn ṣú biribiri,
àfi bí ọwọ́ mi ṣe dá na ara rẹ̀ sí ògiri,
iná sì tàn."

Èmi ni mo fi bọ́tìnnì iná yẹn síbẹ̀.
Mi ò sọ fún un.
Mo bi í léèrè bóyá ó rí bùláńkẹ́ẹ̀tì tó nípọn.