Ìṣẹ́jú Márùndínlógójì

Aago mẹ́ta àbọ̀ ni mo ti jí ní Ìkẹjà.
Mo tan tọ́ọ̀ṣì yí ọkọ̀ ká nínú òkùnkùn,
mo fọwọ́ pa táyà, mo yọjú sí ẹ́ńjìnnì
bóyá ẹyẹ kan sùn síbẹ̀ mọ́jú.
Kò sẹ́yẹ. Òjò àná ló ń kán.
Mo buwọ́ lùwé epo, mo buwọ́ lùwé ẹrù,
mo ń ka ohun tí mo ti kà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lọ́sẹ̀ yìí,
Tari ń dá mi lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan:
"Ó wà níbẹ̀." "Ó ti tì." "Ó ti ṣí."
Bí ọmọ kéwú níwájú wàláà,
a kì í fo ìlà kan torí pé a mọ̀ ọ́n sórí.

Àwọn èrò rò pé ojú ọ̀run là ń wò.
Nọ́ńbà là ń wò,
àti aago, ọ̀gá tí kì í rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó yá, Òkè Sóbì yọrí nínú kùrukùru,
Odò Àsà nà sílẹ̀ bí okùn tẹ́nìkan gbàgbé.
Mo mọ òrùlé ìyá mi láàárín ẹgbẹ̀rún páànù tó ti pọ́n:
mẹ́ta péré ló ń dán lára tirẹ̀,
èyí tí mo rà lẹ́yìn ìjì èṣí.
Kí n tó ṣẹ́jú mẹ́rin, ó ti kọjá.

A balẹ̀. Ẹnìkan pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn,
ẹlòmíràn ń bínú pé a pẹ́.
Ìṣẹ́jú márùndínlógójì la ní ní Ìlọrin:
kí wọ́n sọ̀, kí wọ́n gbálẹ̀, kí wọ́n wọlé, ká máa lọ.
Láti ibi tí mo jókòó sí dé Adéwọlé,
ọ̀kadà kò ní gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá.
Ọdún kẹta rèé, n ò yà rí lọ́jọ́ iṣẹ́.

Ṣùgbọ́n Yákúbù tó ń kó ẹrù mọ ìyá mi.
Ó gun àtẹ̀gùn wá pẹ̀lú kúlà kékeré
tí wọ́n ti yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì ní géètì:
ọ̀lẹ̀lẹ̀ mẹ́fà nínú ewé, ó ṣì ń gbóná,
ó sì fi ohùn ìyá mi jẹ́ iṣẹ́ náà:
"Mẹ́ta tìẹ, mẹ́ta ti ọmọ ọlọ́mọ tó jókòó tì ẹ́."

Tari gbóòórùn, ó dá itọ́ mì, ó wojú mi.
Òfin wa ni pé àwa méjèèjì ò gbọdọ̀ jẹ oúnjẹ kan náà;
bí inú bá run ọ̀kan, èkejì á gbé ọkọ̀ délé.
Mo ti ṣàlàyé fún ìyá mi rí.
Ó wò mí bí ẹni tí wọ́n bú.
"Irú iṣẹ́ wo ló ní kéèyàn méjì má jẹun nínú àwo kan,
tí wọ́n tún rán wọn jọ lọ sójú ọ̀run?"
N ò rí èsì. N ò tíì rí i dòní.

Àlejò ló kọ́kọ́ ń jẹ nílé wa.
Tari jẹ mẹ́ta, ó lá ìka.
Èmi jẹ ìrẹsì tútù inú páálí,
ojú mi wà lára epo tó kù lára ewé.

Kí Yákúbù tó sọ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní
ọkọ̀ yòówù tó bá ti kọjá lórí Adéwọlé,
ìyá mi á nawọ́ sókè nídìí okùn tó ń sá aṣọ sí,
á ní, "Ọmọ mi rèé o!"
ìbáà jẹ́ ọkọ̀ sójà, ìbáà jẹ́ èyí tó kó alálàájì,
ìbáà jẹ́ ọjọ́ tí mo ń sùn n'Íkẹjà.
"Má sọ fún un," mo ní.
"Ta ló fẹ́ sọ?"

Wọ́n ti ilẹ̀kùn.
A dojú kọ afẹ́fẹ́, a sáré, a gbéra.
Mo yí díẹ̀ sósì, bí ìwé ṣe ní kí n yí.
Páànù mẹ́ta. Okùn aṣọ. Nǹkan funfun kan ń mì,
aṣọ ni, tàbí ọwọ́.
Tari ń ka nọ́ńbà.
Mo dá a lóhùn.