Àlẹ̀mọ́

Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi kúnlẹ̀ ti táyà
ní ẹsẹ̀ òkè Ẹ̀fọ̀n, níbi tí lọ́rí ti ń mí hẹlẹhẹlẹ
kó tó gùn ún.
Orúnkún ọ̀tún ni mo fi ń tẹ ríìmù mọ́lẹ̀.
Òun náà ló kọ́kọ́ jò.

Ní Ìdó, Dókítà Fàmúrewà gbé fọ́tò náà síwájú iná.
"Bàbá Adémilúà, ẹ wò ó: kèrékèré yín ti lu."
Kèrékèré! Èyí tí à ń rún wómúwómú lẹ́nu egungun ẹran,
tí mo máa ń bá àwọn ọmọ dù lọ́jọ́ ọdún.
Mi ò mọ̀ pé mo ní tèmi.
Ó ní kì í hù padà, kò ní ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀.
Ihò náà tó kọ́bọ̀ ayé àtijọ́.

"Ṣé ẹ ó lẹ̀ ẹ́ ni?"
Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní wọ́n lè lu egungun abẹ́ rẹ̀ ní ihò wẹ́wẹ́,
kí ẹ̀jẹ̀ sun jáde, kó dì, kó di àpá tó ṣeé tẹ̀;
ṣùgbọ́n tèmi fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.
Etí orúnkún, níbi tí ìwúwo kì í dé,
ni yóò ti bu róbótó mẹ́rin,
bí ẹni ń tú ọmọ kòkó lọ gbìn
tòun ti erùpẹ̀ ìdí rẹ̀,
kó wá fi dí ojú ihò.
Mo ní ó yé mi: tiúbù tó ti kú la fi ń wo èyí tó ń ṣiṣẹ́ sàn.
Ó ní rárá, Bàbá. Ààyè la fi ń wo ààyè.

Wọ́n gún mi lẹ́yìn; ìdí dé ìsàlẹ̀ di ti ẹlòmíì.
Wọ́n fi aṣọ aláwọ̀ ewé bo iwájú mi.
Mo wá ń gbọ́ òòlù: kó, kó, kó.
Mo rò pé káfíńtà wà lórí páànù wọn,
àfi ìgbà tí orí mi bẹ̀rẹ̀ sí mì sí i.
Èmi ni igi.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ má tẹ̀ ẹ́.
Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lórí igi méjì,
Ìbídùn ọmọ mi ń bu omi wẹ̀ mí bí ìkókó.
Bẹ́ẹ̀ àtẹ̀gùn mọ́kànlá ló wà lẹ́nu ọ̀nà wa.

Dókítà ò ṣèlérí. Ó lè dì mú, ó lè yọ.
Èmi náà kì í ṣèlérí fún onímọ́tò:
màá lẹ̀ ẹ́, màá fẹ́ ẹ, màá rì í sómi,
ká jọ máa wò bóyá yóò hó.

Lánàá mo gun mẹ́rin.
Mo jókòó sórí ìkẹrin,
mò ń wo ọmọ iṣẹ́ mi nísàlẹ̀ yẹn,
ó kúnlẹ̀ ti táyà tírélà.
Mo pariwo mọ́ ọn: "Dìde! Wá àpótí jókòó!"