Àpótí Bàbá Mi

Àpótí tí wọ́n fi kó ẹrù wọn wọkọ̀ ní Rọ́tádáàmù
ló di ilé adìyẹ lẹ́yìnkùlé wa.
Ọ̀dà dúdú tó fi kọ ọ́ kò tíì parẹ́:
L. VERMAAT. NEW PLYMOUTH.
Èmi ni mo máa ń wọ inú rẹ̀ lọ kó ẹyin láàárọ̀,
láìwọ bàtà, nínú òórùn pákó àti ìgbẹ́ adìyẹ,
mi ò mọ̀ pé ilé tí wọ́n tú palẹ̀ ni mo ń bẹ̀rẹ̀ wọ̀.

Ilé ni wọ́n ní ká wò ká tó sọmọ lórúkọ.
Bàbá mi wo ilé onílé,
ó wo òkè Tàránákì tó dé fìlà yìnyín,
òun tí wọ́n bí sórí ilẹ̀ tó rẹlẹ̀ ju òkun lọ,
ó wo ìwé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì tó ń fi ìka tọ̀ lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan,
ó sọ mí ní Heather.
Màmá mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti pa iná tán,
bó bá ń fa aṣọ bò mí,
Neeltje ló máa ń sọ sí mi létí,
bí ẹni tó ń fi owó pamọ́ fún ọmọ.

“Gẹ̀ẹ́sì nìkan nínú ilé yìí.”
Bàbá fún wàrà ogójì màlúù láàárọ̀, ogójì nírọ̀lẹ́,
oko olóko, màlúù olówó,
títí oko fi di tirẹ̀.
Àwọn aládùúgbò ní òṣìṣẹ́ gidi ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.
Wọn ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ló ń wá.

Ohun tó sọ fún mi nípa ogun kò kún àtẹ́lẹwọ́:
pé ọmọ ogun Jámánì kan gba kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lórí afárá,
pé ó fẹsẹ̀ rìn dé Maassluis, ó sì ń ka ìṣísẹ̀ rẹ̀,
ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án ó lé díẹ̀.
Pé Krijn, àbúrò rẹ̀, ní ìgbà òtútù yẹn —
ibẹ̀ ló ti máa ń dìde
lọ wo màlúù tí kò ṣàìsàn.

Ìyáàfin Prewitt mú ẹ̀bùn wá fún wa lọ́jọ́ kan,
iṣu òdòdó tùlíìpù méjìlá nínú àpò ìwé,
ó ní ó dá òun lójú pé àárò ilé ń sọ yín.
Bàbá dúpẹ́. Ó ṣí fìlà.
Nígbà tó lọ tán, kò mú ọkọ́, kò dé inú ọgbà.
Ó kó méjèèjìlá sínú agbọ̀n tí màmá ń kó ọ̀dùnkún sí,
ó fi aṣọ bò ó.

Ó ti pé ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún báyìí.
Gẹ̀ẹ́sì ń bó lára rẹ̀ bí ọ̀dà lára ògiri àtijọ́,
ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ sì ń sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́.
Losa, nọ́ọ̀sì ará Sàmóà, ti kọ́ mẹ́ta nínú rẹ̀,
ó lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri lókè bẹ́ẹ̀dì:
omi, òtútù, ó ń dùn mí.
Ó bi mí pé kí ni ìyókù ń jẹ́.
Èmi, ọmọ tó bí, mo ní mi ò mọ̀.
Ojú tì mí dé ọrùn.

Lánàá, ó di ọwọ́ mi mú, ó béèrè nǹkan kan,
ó tún un béèrè, ohùn rẹ̀ ń lọ sókè.
Mi ò ní ju ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lọ.
Mo ní, “Neeltje.”
Ó wò mí fún ìgbà pípẹ́.
Ó wá tú àpò àwọ̀lékè rẹ̀,
ó mú èèpo búrẹ́dì kan jáde, gbígbẹ bí èèpo igi,
ó dá a sí méjì,
ó wọ̀n wọ́n lójú,
ó sì fún mi ní èyí tó tóbi.